Kí Ìròyìn Èrè Tó Jáde: Ìrètí Olùdókòwò Lójú Ẹ̀sìn Islam

 



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ní oṣù yìí jẹ mọ́ owó, ó sì tún jẹ mọ́ ọkàn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni ó ti ń fi fóònù ra ìpín ìdókòwò, èyí tí a mọ̀ sí ṣíà, nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹlòmíràn fi ẹgbẹ̀rún náírà mélòó kan bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn sì ti kó owó àjọ, owó ilé-ìwé tàbí owó ìgbéyàwó sí i. Bí ó bá ti ku ọjọ́ díẹ̀ kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kéde èrè rẹ̀, ara wọn kì í balẹ̀ mọ́. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni pé: "Àáfà, ṣé ó dára kí á ra ṣíà kí ìròyìn èrè tó jáde, kí á lè jẹ nínú rẹ̀ bí iye rẹ̀ bá fò sókè?" A kò lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lásán dáhùn ìbéèrè yìí. A ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn ènìyàn ń rà àti ohun tí wọ́n ń tà ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Kí á tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á rántí ẹsẹ tí ó parí Súratu Luqman, ẹsẹ 34. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti ka ohun márùn-ún tí ìmọ̀ wọn wà lọ́dọ̀ Rẹ̀ nìkan. Ọ̀kan nínú wọn ni ohun tí ènìyàn yóò rí kó jọ ní ọ̀la. Ẹ fi èyí sọ́kàn títí tí a ó fi parí ọ̀rọ̀ wa.

BÍ ỌJÀ NÁÀ ṢE RÍ

Àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ṣíà wọn wà ní ọjà gbogbogbòò ti ń jábọ̀ ìṣirò wọn ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta láti ọjọ́ pípẹ́. Kí ọjọ́ ìjábọ̀ tó pé, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń sọ iye tí ó rò pé yóò wọlé fún òun. Àwọn olùṣírò tí ń bá báńkì ṣiṣẹ́ náà yóò ṣe ìṣirò tiwọn. Wọn a kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn a sì mú àárín rẹ̀. Iye àárín yẹn ni ọjà fi ń ṣe òdiwọ̀n ìrètí. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọlọ́jà tún ní iye mìíràn tí wọ́n ń sọ sí ara wọn létí, èyí tí ó sábà máa ń ga ju ti gbangba lọ.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ìrètí wọ̀nyí ti wọ inú iye tí wọ́n ń ta ṣíà náà kí ìròyìn tó jáde rárá. Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ bá jèrè, kì í ṣe èrè yẹn nìkan ni yóò gbé iye ṣíà sókè tàbí kí ó fà á wálẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin èrè náà àti ohun tí àwọn ènìyàn ti fọkàn sí ni ọjà ń wò jù.

Ẹ wo ìyá tí ń ta iṣu. Bí ó bá ra iṣu ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà, tí ó sì tà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ó ti jèrè, yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ní ọjà tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìyá náà lè jèrè ẹgbẹ̀rún kan, kí àwọn tí ń wò ó sì fajúro, nítorí pé ẹgbẹ̀rún kan àti igba ni wọ́n ti fọkàn sí.

OHUN TÍ OJÚ RÍ NÍ ỌDÚN 2023 SÍ 2025

Kí ọ̀rọ̀ má baà dà bí àlọ́, ẹ jẹ́ kí á mú ilé-iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Jensen Huang àti àwọn méjì mìíràn ni ó dá Nvidia sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní ọdún 1993. Iṣẹ́ wọn ni ṣíìpù, ègé kékeré tí ó dà bí ọpọlọ fún kọ̀ǹpútà. Eré orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe é fún. Nígbà tí ChatGPT jáde ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wá ṣíìpù tí wọn yóò fi kọ́ kọ̀ǹpútà ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, ọ̀dọ̀ Nvidia ni ọ̀pọ̀ wọn sì gbà lọ.

Ní ọjọ́ 24, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, ọjà ń retí pé Nvidia yóò sọ pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 7 dọ́là ni yóò wọlé ní oṣù mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e. Bílíọ̀nù 11 ni Nvidia sọ. Ní ọjọ́ kejì, iye ṣíà rẹ̀ fò sókè ní ìdá 24 nínú 100. Ẹni tí ó ti ní i lọ́wọ́ yọ̀. Ẹni tí kò ní i sì pinnu pé ìròyìn tí ó ń bọ̀ kò ní kọjá lára òun.

Báyìí ni ìrètí ṣe ń ga sí i ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, títí ó fi di ọjọ́ 28, oṣù kẹjọ, ọdún 2024. Ní ìlú New York, àwọn kan kó ara wọn jọ sí ilé ọtí láti dúró de ìròyìn náà, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo àṣekágbá bọ́ọ̀lù. Ìròyìn dé. Owó tí ó wọlé láàrin oṣù mẹ́ta jẹ́ bílíọ̀nù 30 dọ́là. Bílíọ̀nù 13 àti ààbọ̀ ni ó jẹ́ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú. Èrè tí ó kù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó lé ní bílíọ̀nù 16. Àwọn olùṣírò kò retí ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 28 àti ààbọ̀ sí 29 lọ. Nvidia tún fi kún un pé òun ń retí bílíọ̀nù 32 àti ààbọ̀ fún oṣù mẹ́ta tí ó kàn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé ayọ̀ kọ́ ni ó yẹ kí èyí jẹ́? Ní ọjọ́ kejì, iye ṣíà náà já wálẹ̀ ní ìdá 6 nínú 100 ó lé díẹ̀. Kí ló fà á? Wọ́n ní ó ju ìrètí lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jù ú lọ tó bí ó ti máa ń jù ú lọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún ń kọminú pé ṣíìpù tuntun tí wọ́n pè ní Blackwell pẹ́ kí ó tó jáde.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, ó tún ṣẹlẹ̀. Owó tí ó wọlé lé ní bílíọ̀nù 39, ó ju ohun tí wọ́n retí lọ, síbẹ̀ ṣíà náà pàdánù ohun tí ó lé ní ìdá 8 nínú 100 ní ọjọ́ kejì.

Èyí tí ó lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀ kò tilẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ ìjábọ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2025, òkìkí kàn pé ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ China tí ń jẹ́ DeepSeek ti ṣe ọgbọ́n àtọwọ́dá tirẹ̀ pẹ̀lú owó tí kò pọ̀. Láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣíà Nvidia já wálẹ̀ ní ìdá 17 nínú 100, iye ilé-iṣẹ́ náà lórí ọjà sì dín ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 600 dọ́là. Títí di ọjọ́ náà, kò tíì sí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tí ó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ ní òòjọ́ kan. Ẹ padà sí ẹsẹ Súratu Luqman yẹn, kí ẹ sì tún un rò.

ÌṢIRÒ KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé à ń bá ìmọ̀ jà. Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Mùsùlùmí kì í wo ifá, ṣùgbọ́n ó gbà pé òní àti ọ̀la kì í dọ́gba, ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣètò. Àgbẹ̀ ń wo òjú ọjọ́ kí ó tó gbin àgbàdo. Oníṣòwò ń ka iye àpò tí òun lè tà kí oṣù tó parí. Ẹni tí ó bá wo ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́, tí ó wo àwọn oníbàárà rẹ̀, tí ó sì sọ pé "mo rò pé yóò jèrè, bí Ọlọ́hun bá fẹ́", kò ṣe ohun tí ó burú. Súratul Kahf, ẹsẹ 23 àti 24, ti kọ́ wa pé kí á máa fi ìfẹ́ Ọlọ́hun kún ohun tí a bá fẹ́ ṣe ní ọ̀la.

Ibi tí ewu wà ni ìgbà tí àbá bá di àrídájú lọ́kàn ènìyàn. Nínú súrà yìí kan náà, láti ẹsẹ 32, a ka ìtàn ọkùnrin kan tí ó ní ọgbà méjì. Ó wọ inú ọgbà rẹ̀, ó wo èso rẹ̀, ó sì sọ pé òun kò rò pé ọgbà yìí lè parun láéláé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ọwọ́ ni ó ń na mọ́ra wọn nítorí owó tí ó ti ná sí i. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọgbà náà dára lóòótọ́, èso rẹ̀ sì pé. Ohun tí ó ń ṣe é ni ìdánilójú tí ó gbé lé ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó bá ń sọ pé "ṣíà yìí kò lè wálẹ̀ láé" ti wọ bàtà ọkùnrin náà.

IGI ÀTI ÈSO

Ní ayé Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a), àwọn ará Madinah máa ń ta èso déètì lórí igi. Ànábì kọ̀ fún wọn láti ta èso nígbà tí àmì pípọ́n kò tíì hàn lára rẹ̀. Ìdí tí ó fi kọ̀ ni pé bí Ọlọ́hun bá dá èso náà dúró, kò ní sí ohun tí olùtajà yóò fi sọ owó ọmọnìkejì rẹ̀ di ẹ̀tọ́. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa tí ó bá ti gbé ní oko kòkó yóò tètè mọ ìtumọ̀ èyí. Ẹni tí ó bá san owó kòkó nígbà tí ó ṣì wà ní ìtànná kò mọ̀ bóyá kòkó ni yóò rí kó tàbí èso dúdú tí ó ti rà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Àwọn onímọ̀ fiqh gbà pé bí ènìyàn bá ra igi pẹ̀lú èso tí ó wà lórí rẹ̀, ó tọ́, bí èso náà kò tilẹ̀ tíì pọ́n. Igi ni ó rà, èso kàn tẹ̀lé e ni. Bí èso ọdún yìí bá bàjẹ́, igi ṣì wà nílẹ̀.

Níbí ni a ti lè rí ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́ wa. Ṣíà jẹ́ ìpín nínú ilé-iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ra ṣíà nítorí pé ó fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà, tí iṣẹ́ ibẹ̀ mọ́, tí owó náà sì jẹ́ tirẹ̀, igi ni ó rà. Ìròyìn oṣù mẹ́ta lè dára, ó sì lè má dára, igi rẹ̀ wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bìkítà nípa igi, tí ó kàn fẹ́ fi owó lé iye èso tí wọn yóò kà ní aago mélòó kan ní alẹ́, kí ó sì sá lọ ní òwúrọ̀, ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti sún mọ́ ọkàn onítẹ́tẹ́, bí ìwé rírà rẹ̀ bá tilẹ̀ tọ́ lójú òfin. A kò sọ pé gbogbo rírà ní ọ̀sẹ̀ ìjábọ̀ ni hàráàmù. Ohun tí à ń sọ ni pé kí oníkálukú bi ọkàn rẹ̀ léèrè: igi ni mo fẹ́ ni, àbí iye èso ni mo ń ta tẹ́tẹ́ lé?

Àwọn ọ̀nà kan wà tí kò ní iyèméjì nínú lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀. Ọ̀kan ni àdéhùn tí wọ́n ń pè ní option. Ènìyàn yóò san owó díẹ̀ láti ní ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà tàbí láti tà á ní iye kan kí ọjọ́ kan tó pé. Bí iye náà kò bá lọ síbi tí ó fẹ́, owó rẹ̀ lọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ń rà á ní ọ̀sẹ̀ ìjábọ̀ nítorí pé owó kékeré lè di ńlá ní alẹ́ kan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, ìgbìmọ̀ fiqh ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ṣe ìpàdé ní Jeddah. Wọ́n fọwọ́ sí ṣíà ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní àdéhùn option kò tọ́. Bákan náà ni wọ́n kọ yíyá owó èlé lọ́wọ́ aláròóbọ̀ láti fi ra ṣíà, nítorí ríbà ni.

ÀÌMOORE TÍ Ó WỌ ỌKÀN

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó ń dẹ́rù bà mí ju owó lọ. Ẹ tún wo alẹ́ oṣù kẹjọ ọdún 2024 yẹn. Ilé-iṣẹ́ jèrè ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù 16 dọ́là láàrin oṣù mẹ́ta, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì sùn pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ànábì (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) ti fi yé wa pé àfonífojì wúrà méjì kò lè tó ọmọ Ádámà, ẹ̀kẹta ni yóò tún máa wá. Ọjà yìí ń kọ́ ọkàn láti máa fi ohun tí kò rí wọn ohun tí ó rí. Ẹni tí ó bá ti mọ́ ọn lára yóò gbé e wọ ilé. Ọkọ mú owó oúnjẹ wá, ìyàwó ní "èyí nìkan?" Ọmọ yege ìdánwò, baba ní "kí ló dé tí o kò gba ipò kìíní?" Ọlọ́hun fún ọ ní àlàáfíà, o ní iye ṣíà rẹ wálẹ̀. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ wo ìyá wa Khadijah, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i. Òun náà jẹ́ olùdókòwò. Ó kó ọjà rẹ̀ lé ọ̀dọ́kùnrin kan lọ́wọ́, Muhammad, kí ó tó di Ànábì, láti gbé e lọ sí ilẹ̀ Sham. Ó sì fi ìránṣẹ́ rẹ̀, Maysarah, tẹ̀lé e. Khadijah náà dúró de ìròyìn. Nígbà tí wọ́n dé, èrè wà, ó sì dára. Ṣùgbọ́n nínú ìròyìn tí Maysarah mú wá, ìwà ọkùnrin náà ni ó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù: òótọ́ rẹ̀ àti ìfọkàntán rẹ̀. Ohun tí olóye olùdókòwò ń wá nínú ìròyìn nìyí. Ó fẹ́ mọ irú ẹni tí ó ń ṣe òwò náà àti ọ̀nà tí ó gbà jèrè.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Èkínní, mọ iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe kí o tó fowó sí i. Bí o kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ, má tíì rà á.

Èkejì, wo gbèsè èlé àti owó hàráàmù tí ó wà nínú rẹ̀. Òdiwọ̀n tí ìgbìmọ̀ AAOIFI gbé kalẹ̀ ni pé gbèsè èlé kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 30 nínú 100 iye ilé-iṣẹ́ lórí ọjà, owó tí ó ti ọ̀nà àìtọ́ wọlé kò sì gbọdọ̀ kọjá ìdá 5. Ìwọ̀nba tí ó bá kàn ọ́ nínú owó àìtọ́ yẹn, yọ ọ́ kúrò. Ní ilé níbí náà, ọjà ìpín ìdókòwò ti Nàìjíríà dá àkójọ Lotus Islamic Index sílẹ̀ ní ọdún 2012 fún àwọn tí ó ń wá ṣíà tí ó bá ìlànà Islam mu.

Ẹ̀kẹta, wádìí ẹni tí o fi owó rẹ lé lọ́wọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, SEC, àjọ tí ń mójútó ọjà ìdókòwò ní Nàìjíríà, kìlọ̀ nípa àwọn tí ń ta ṣíà ilẹ̀ òkèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀kẹrin, má ṣe fi owó tí ó ní ojúṣe lórí ra ohunkóhun ní ọ̀sẹ̀ ìjábọ̀. Owó ilé-ìwé, owó ilé, owó àjọ tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́, àti owó tí ìyá fi pamọ́ sí ọ lọ́wọ́, àmáánà ni. Bí ìdá 17 nínú 100 bá lọ nínú rẹ̀ ní ọjọ́ kan, kí ni ìwọ yóò wí fún ẹni tí ó ni ín?

Ẹ̀karùn-ún, má ṣe tan àhesọ kálẹ̀ kí iye ṣíà rẹ lè ga. Ànábì kọ̀ fún wa láti máa gbé owó lé ọjà tí a kò fẹ́ rà, kí á fi tan ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ń sọ fún ọ̀rẹ́ pé "ẹ tètè rà á, mo ti gbọ́ ohun tí ó fẹ́ ṣẹlẹ̀", tí kò sì gbọ́ nǹkan kan, ó ń rìn ní ẹ̀bá rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, bí ọdún bá yípo tí owó rẹ sì tó níṣáábù, yọ Sàká rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi ṣíà ṣòwò rírà àti títà yóò yọ ọ̀kan nínú ogójì iye tí wọ́n ń tà á ní ọjọ́ náà, ìbáà ga, ìbáà wálẹ̀. Èyí ni ìṣirò tí ó yẹ kí ó gba ọkàn wa ju ti àwọn olùṣírò New York lọ.

Ní ìparí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ọlọ́lá, bí alẹ́ ìròyìn èrè bá tún dé, ẹ kírun Isháì yín, kí ẹ sì sùn. Bí igi tí ẹ rà bá dára, yóò wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀. Bí kò bá dára, àìsùn yín kò lè tún un ṣe. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

A bẹ Ọlọ́hun kí ó fún wa ní arísìkí hàláàlì tí ó ní àlùbáríkà, kí ó fún wa ní ọkàn tí ó ń dúpẹ́ lórí ohun tí ó rí, kí ó sì má jẹ̀ẹ́ kí á fi ohun tí a kò mọ̀ ṣòfò ohun tí a ní. Àmín.